Họlidé Gígùn ní Ìlá, àti Ọjọ́ Díẹ̀ Péré ní Òṣogbo

  

Ní gbogbo ìgbà tí ilé-ìwé bá ti tì ní oṣù keje, gbólóhùn kan náà ni mo máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn àbúrò mi tó wà ní Ìlá Ọ̀ràngún: "Ẹ̀gbọ́n mi, kò sí nǹkan kan níbí." Mi ò bá wọn jiyàn. Wọ́n ń wo Instagram, wọ́n ń rí ọmọ Lẹ́kí tó ń kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà láàárọ̀, tó ń lúwẹ̀ẹ́ lọ́sàn-án. Ní tiwa, lẹ́sìn ni. Ilé-ìwé tì lọ́jọ́ Ẹtì, lẹ́sìn bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé: ìwé kan náà, bẹ́ńṣì kan náà, owó ọ̀tọ̀. Ẹni tí kò bá rí owó lẹ́sìn san, oko ni, tàbí kó jókòó ti ìyá rẹ̀ ní ìsọ̀ kó máa tẹ fóònù.

Ìtàn ni mo fẹ́ fi dá wọn lóhùn lónìí. Kì í ṣe ìtàn "láyé tiwa, nǹkan dára" o. Èmi gan-an ò tíì dàgbà tó ẹni tó ń sọ bẹ́ẹ̀. Mo fẹ́ sọ bí họlidé ṣe débẹ̀ rárá, ohun tó gbà lọ́wọ́ wa, àti bí àwọn ọ̀dọ́ kan ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun wa yìí ṣe fi ọjọ́ díẹ̀ nínú oṣù kẹjọ kan di ẹni tí gbogbo ayé mọ̀.

Àwọn baba ńlá wa ní Ìgbómìnà kò mọ ohun tó ń jẹ́ họlidé. Iṣẹ́ oko ló ń pín ọdún fún wọn. Òjò rọ̀, wọ́n gbìn. Iṣu ta, wọ́n wà á. Ẹ̀ẹ̀rùn dé, wọ́n kọ́lé, wọ́n ṣọdẹ. Ọ̀dọ́ tí kò lówó tó fi lè gba lébìrà, ẹgbẹ́ rẹ̀ ni lébìrà rẹ̀. Wọ́n á da àáró: òní oko tèmi, ọ̀la oko tìrẹ, ọ̀túnla oko lágbájá, títí yóò fi kárí. Ọ̀wẹ̀ yàtọ̀ sí èyí. Ẹni tó bẹ ọ̀wẹ̀ ló máa wá oúnjẹ àti ẹmu, kò sì pọn dandan kó lọ san án padà lóko ẹnikẹ́ni. Ọkùnrin tó ń fẹ́ ìyàwó mọ ọ̀wẹ̀ dáadáa, nítorí oko àna rẹ̀ ló máa kó ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Kò sí ìjọba, kò sí ẹgbẹ́ aláàánú tó ṣètò èyí fún wọn. Àwọn ọ̀dọ́ ló ń pe ara wọn jọ.

Bẹ́ẹ̀ náà ni iṣẹ́ ọwọ́. Ọmọ alágbẹ̀dẹ ń fẹ́ ẹwìrì kó tó mọ iye ọdún tó wà láyé. Ọmọ gbẹ́nàgbẹ́nà ń ṣa èérún igi. Kò sẹ́ni tó ń sọ pé "ẹ̀kọ́ ti bẹ̀rẹ̀ báyìí". Ọmọ náà kàn wà níbi iṣẹ́ ni.

Ilé-ìwé ló bí họlidé. Ní ọjọ́ 17 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1955, ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀ Oòrùn lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní àwọn ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Láàárín ọdún kan ṣoṣo, iye ọmọ tó wà nílé-ìwé fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì, ó lé ní 800,000. Ìlá wà nínú ẹkùn yẹn, ó jàǹfààní rẹ̀. Àwọn Ìgbómìnà ẹgbẹ́ wa ní ìhà Ọ̀mù-Àrán wà lábẹ́ ìjọba Àríwá ní tiwọn, nítorí náà kò kàn wọ́n. Ọmọ ìyá kan náà, èdè kan náà, ààlà tí òyìnbó fà ló pinnu ẹni tó máa lọ sílé-ìwé lọ́fẹ̀ẹ́. Mo máa ṣe ètò ọ̀tọ̀ lórí ìyẹn lọ́jọ́ mìíràn, ọ̀rọ̀ ibẹ̀ pọ̀.

Ẹ tún wo ọjọ́ yẹn dáadáa. Oṣù kìn-ín-ní ni ọdún ilé-ìwé ń bẹ̀rẹ̀ láyé ọjọ́un, oṣù kejìlá sì ni họlidé gígùn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n yí kàlẹ́ńdà padà tí họlidé gígùn fi bọ́ sí àárín òjò, láti oṣù keje títí wọ oṣù kẹsàn-án.

Mi ò ní sọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ láìdáa. Ṣùgbọ́n ó gba nǹkan kan lọ́wọ́ wa tí a kì í sábà sọ. Ọmọ tí ì bá wà lẹ́bàá bàbá rẹ̀ níbi iṣẹ́ lójoojúmọ́ ń wo ẹ̀yìn tíṣà báyìí. Nígbà tí họlidé bá dé, ó ti di àjèjì níbi iṣẹ́ bàbá rẹ̀. Kò mọ àáké gbá mú, kò sì sí tíṣà mọ́. Ihò náà ni lẹ́sìn wá ń dí lónìí.

Ọmọ Ìlá kan wà tó bọ́ sáàárín ayé méjèèjì yìí. Lámídì Ọlọ́nàdé Fákẹ́yẹ ni orúkọ rẹ̀. Wọ́n bí i ní Ìlá Ọ̀ràngún nínú àwọn ọdún 1920, sínú ilé àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà. Òun ni ìran karùn-ún tó máa ṣe iṣẹ́ náà nínú ẹbí wọn. Ọmọdé ló wà tó ti ń gbẹ́ igi. Bàbá rẹ̀ ń gbẹ́ ère, ń gbẹ́ opó, gẹ́gẹ́ bí bàbá tirẹ̀ náà ṣe gbẹ́ ẹ.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé àwọn oníbàárà ń dín kù. Ìlá ti ń di ìlú mùsùlùmí àti onígbàgbọ́. Ta ló máa wá gbé ère ìbejì lọ sílé? Ta ló máa gbẹ́ opó sí ilé tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì kọ́? Ọmọ tó mọṣẹ́ wà, irinṣẹ́ wà, ẹni tó máa ra iṣẹ́ ni kò sí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi gbólóhùn yẹn sọ́kàn, a máa padà sí i.

Ní ọdún 1947, àwọn Fadá ìjọ Kátólíìkì méjì, Kevin Carroll àti Sean O'Mahony, ṣí ibi iṣẹ́ ọnà kan sí Ọyẹ́-Èkìtì. Títí di 1954 ni ó fi wà. Ohun tí wọ́n ṣe yàtọ̀ sí ti ọ̀pọ̀ òyìnbó ìgbà náà. Wọn kò kó ìwé òyìnbó wá láti fi kọ́ Yorùbá ní iṣẹ́ ọnà. Wọ́n wá ọ̀gá gbẹ́nàgbẹ́nà, George Bándélé, ọmọ Aréògún ará Ọ̀sì, wọ́n ní kó máa ṣiṣẹ́ rẹ̀ bó ṣe mọ̀ ọ́n, kó sì máa kọ́ àwọn ọ̀dọ́. Wọn ò ní kí ẹnikẹ́ni yí ẹ̀sìn padà kó tó di àáké mú. Mùsùlùmí ni Lámídì, mùsùlùmí ló sì wà títí tó fi di àgbà. Nígbà tí ó débẹ̀ ní ìparí àwọn ọdún 1940, ó ti mọ igi gbẹ́ láti ilé, síbẹ̀ ó tún jókòó lábẹ́ Bándélé bí ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ tuntun.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é, nítorí ó dùn mọ́ mi. Iṣẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà ní ìpele mẹ́rin. Ọnà lílé ló kọ́kọ́ wà: ọ̀gá máa fi àáké ńlá bẹ́ igi títí tí orí, àyà àti ẹsẹ̀ yóò fi yọ lára rẹ̀ gàǹgà-gàǹgà. Alétúnlé ló tẹ̀lé e: etí, ojú, ọwọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í hàn. Lẹ́yìn náà ni dídán, kí ara ère jọ̀lọ̀. Ìkẹyìn ni fínfín: ọ̀bẹ ni wọ́n fi ń fín irun, ìlà ojú àti ọ̀ṣọ́ aṣọ. Ibi tó rọrùn ni ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀. Lílé ló ń gbẹ̀yìn, torí ẹni tí kò bá rí ère inú igi kó tó fọwọ́ kàn án, ó máa ba igi jẹ́ ni. Fídíò ìṣẹ́jú kan kò lè kọ́ yín ní ìyẹn, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín.

Ọyẹ́ ni àwọn oníbàárà tuntun wà: ṣọ́ọ̀ṣì tó fẹ́ ilẹ̀kùn, lẹ́yìn náà ilé ìjọba, lẹ́yìn náà yunifásítì. Ọnà Ìgbómìnà àti Èkìtì kan náà ni, ojú ilẹ̀kùn mìíràn ni wọ́n ń gbẹ́ ẹ sí. Lámídì lọ sí Faransé, ó lọ sí Amẹ́ríkà. Àwọn ilẹ̀kùn tó gbẹ́ wà ní Kennedy Center ní Washington. Ó di olùkọ́ ní yunifásítì Ifẹ̀, tí a ń pè ní OAU báyìí, ère Odùduwà tó wà níbẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni. Ọ̀pọ̀ nínú yín ló ti ya fọ́tò sí ìdí ère yẹn láìmọ̀ pé ọmọ Ìlá ló gbẹ́ ẹ. Ní 2006, UNESCO fi oyè dá a lọ́lá gẹ́gẹ́ bí ìṣúra tó ń mí. Oṣù kejìlá ọdún 2009 ló papò dà.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká sọ̀ kalẹ̀ sí Òṣogbo, nítorí ibẹ̀ ni oṣù kẹjọ tí mo ṣèlérí wà.

Ní 1962, Dúró Ládípọ̀, eléré orí ìtàgé, sọ ilé ọtí rẹ̀ ní Òṣogbo di ilé iṣẹ́ ọnà. Ulli Beier, ọmọ Jámánì tó ń ṣiṣẹ́ fún yunifásítì Ìbàdàn, wà pẹ̀lú rẹ̀. Mbari ni orúkọ ẹgbẹ́ irú rẹ̀ tó ti wà ní Ìbàdàn. Ọ̀rọ̀ Ígbò ni, ṣùgbọ́n àwọn ará Òṣogbo gbọ́ ọ bí Yorùbá: "bí mo bá rí i, máa yọ̀." Bó ṣe di Mbari Mbayo nìyẹn. Mo fẹ́ràn ìtàn yìí púpọ̀. Àwọn ará ọjà kò béèrè ìtumọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, wọ́n kàn fún un ní ìtumọ̀ tiwọn.

Denis Williams, ọmọ Guyana, ló kọ́kọ́ wá kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní yíya àwòrán níbẹ̀. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1964, Georgina Beier, ìyàwó Ulli, tún ṣe irú rẹ̀. Ọjọ́ díẹ̀ péré ni. Kò sí ìdánwò àbáwọlé, kò sí owó ilé-ìwé. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó wá jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ eré Ládípọ̀. Wọ́n fún wọn ní ọ̀dà àti páálí, wọ́n ní kí wọ́n máa ya ohun tó bá wà lọ́kàn wọn.

Ẹ gbọ́ irú èèyàn tí wọ́n jẹ́. Jimoh Bùráímọ̀ ló ń tọ́jú iná ìtàgé. Múráínà Oyèlámì, ọmọ Ìrágbìjí, òṣèré àti onílù ni. Twins Seven Seven ń jó kiri pẹ̀lú àwọn tó ń ta oògùn kó tó dé Mbari. Òun fúnra rẹ̀ ló ń sọ pé ìbejì méje ni ìyá òun bí, òun nìkan ló sì yè, níbẹ̀ ló ti rí orúkọ yẹn. Rufus Ògúndélé wà níbẹ̀, Jacob Afọlábí wà níbẹ̀, Adébísí Fábùnmi náà di ọ̀kan nínú wọn. Iṣẹ́ wọn dé àwọn ilé ìkóhun-ọnà-sí ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà. Bùráímọ̀ lẹ ìlẹ̀kẹ̀ mọ́ àwòrán, ọ̀nà ara rẹ̀ nìyẹn. Ní 2005, UNESCO fi Twins Seven Seven ṣe ayàwòrán fún àlàáfíà.

Ibí yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣi ìtàn yìí lò. Wọ́n á ní: "Ṣé ẹ rí i? Ọjọ́ díẹ̀ ti tó. Ẹ jẹ́ ká ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọjọ́ mẹ́ta fún ọ̀dọ́." Wọ́n á háyà kánópì, wọ́n á pín fìlà àti síńkẹ́ẹ̀tì, wọ́n á ya fọ́tò, ó parí. Mo ti jókòó lábẹ́ irú kánópì bẹ́ẹ̀ rí. Lọ́jọ́ kẹta, wọ́n kọ́ wa ní ọṣẹ ṣíṣe, wọ́n sì kó gbogbo irinṣẹ́ padà sínú mọ́tò wọn.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Òṣogbo kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Kí oṣù kẹjọ yẹn tó dé, àwọn ọ̀dọ́ wọ̀nyí ti wà pa pọ̀ nínú ẹgbẹ́ eré. Wọ́n jọ ń jẹun, wọ́n jọ ń rìnrìn àjò, wọ́n jọ mọ orin àti ìtàn kan náà. Ọdún 1964 yẹn kan náà ni Ládípọ̀ gbé Ọba Kò So lọ sí Berlin. Nígbà tí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ parí, Georgina kò lọ. Ó yan àwọn tí ó rí i pé nǹkan wà lọ́wọ́ wọn, ó fún wọn ní ibi tí wọ́n á ti máa ṣiṣẹ́, ó ń wò wọ́n lójoojúmọ́. Ulli ń wá ibi tí wọ́n ti lè fi iṣẹ́ náà hàn, kí àwọn èèyàn lè rà á. Ohun tí Lámídì rí ní Ọyẹ́ nìyẹn, èyí tí kò sí ní Ìlá mọ́ nígbà yẹn. Ẹni tó máa ra iṣẹ́.

Kí n má ṣe purọ́ fún yín, àléébù wà níbẹ̀ náà. Àwọn kan bú àwọn Beier pé ojú òyìnbó ni wọ́n fi ń yan ohun tó dára, pé àwọn tí kò kàwé púpọ̀ ni wọ́n fẹ́ kí ọnà wọn lè "mọ́". Ọ̀rọ̀ yẹn ní ìwọ̀n tirẹ̀. Ẹ tún ka orúkọ tí mo kà yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i: ọkùnrin, ọkùnrin, ọkùnrin. Níbo ni àwọn ọmọbìnrin wà?

Ọ̀kan nínú wọn gba ẹnu ọ̀nà mìíràn wọlé. Níkẹ Òkúndayé, tí wọ́n bí ní Ògìdì ní 1951, wá sí Òṣogbo, ó fẹ́ Twins Seven Seven, ó sì di ògbóǹtarìgì nínú àdìrẹ àti bàtíìkì. Ní 1983, ó ṣí ibi ìkọ́ṣẹ́ tirẹ̀ sí Òṣogbo, ó ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ lọ́fẹ̀ẹ́, pàápàá àwọn ọmọbìnrin. Múráínà náà padà sí Ìrágbìjí, ó dá ibi iṣẹ́ ọnà sílẹ̀ sí ìlú rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé èmi ni wọ́n ní kí n wọn àǹfààní oṣù kẹjọ ọdún 1964 yẹn, mi ò ní fi UNESCO wọ̀n ọ́n. Iye àwọn tó padà wá ṣílẹ̀kùn fún ẹlòmíì ni màá kà.

Ìjọba náà ti gbìyànjú tirẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti gbọ́njú ní 2011 máa rántí O-YES. Gómìnà Ráúf Arẹ́gbẹ́ṣọlá gba 20,000 ọ̀dọ́ ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sí iṣẹ́ ìlú, ₦10,000 lóṣù, fún ọdún méjì. Àwọn kan fi rẹ́rìn-ín pé iṣẹ́ gbálẹ̀gbálẹ̀ ni. Ní tèmi, ó sàn ju kánópì lọ. Owó náà kéré, ṣùgbọ́n ọdún méjì kì í ṣe ọjọ́ mẹ́ta, ó sì kan gbogbo ìjọba ìbílẹ̀, Ìlá àti Ìfẹ́dayọ̀ pẹ̀lú. Ohun tí mo rò pé ó ṣaláìní ni ọ̀gá. Ṣíbìrì àti aṣọ iṣẹ́ wà, ṣùgbọ́n kò sí Bándélé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pọ̀ nínú wọn.

Ó wá ku Ìlá àti họlidé yìí. Kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́ni wà níbẹ̀ láti 1979, yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ pọ̀ níbẹ̀. Tẹ́lọ̀ wà, wẹ́dà wà, àwọn tó ń tún fóònù ṣe wà. Omi tó ń já láti òkè ní Ayíkúnnugbá wà ní Òkè-Ìlá nítòsí, àwọn ará Èkó ń wá a wò. Nígbà tí àbúrò mi bá ní "kò sí nǹkan kan", ohun tí mo rò pé ó ní lọ́kàn ni pé kò sẹ́ni tó ń retí òun níbì kankan láàárọ̀. Ìyẹn kò gba owó ìjọba kó tó ṣeé tún ṣe. Mẹ́kánííkì kan tó bá gba ọmọ méjì fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà láìgba owó ìkọ́ṣẹ́, tó sì tún gbà kí wọ́n máa yọjú lọ́jọ́ Sátidé lẹ́yìn tí ilé-ìwé bá wọlé, ó ti ṣe ju kánópì lọ. Ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ àdúgbò lè lọ bẹ irú mẹ́kánííkì bẹ́ẹ̀. Bíi kéèyàn bẹ ọ̀wẹ̀ ni.

Iṣẹ́ kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi ṣe. Ní Ìlá, àwọn àgbà ṣì wà tí wọ́n mọ ilé tí wọ́n ti ń gbẹ́ igi, tí wọ́n rántí ẹni tó gbẹ́ opó ààfin, tí wọ́n mọ orúkọ igi tó dára fún ère àti èyí tí kòkòrò máa ń jẹ. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ti lé ní 80 ọdún. Fóònù tó wà lọ́wọ́ yín lè gba ohùn wọn sílẹ̀. Ẹ ra obì dání, ẹ kí wọn dáadáa, ẹ tọrọ àyè kí ẹ tó tẹ rìkọ́ọ̀dù. Ẹ bi wọ́n ní orúkọ irinṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, bí wọ́n ṣe ń pè é ní èdè Ìgbómìnà gan-an, kì í ṣe bí a ṣe ń pè é ní Ìbàdàn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ ẹni tó kọ́ wọn, àti ẹni tó kọ́ ẹni yẹn. Ẹ fi ẹ̀dà kan sílẹ̀ fún ẹbí wọn, kí ẹ fi èkejì ránṣẹ́ sí mi kí oṣù kẹsàn-án tó dé. Ohùn àwọn tó bá gbà kí a gbé ohùn wọn jáde ni ẹ máa gbọ́ lórí ètò yìí, dípò ohùn tèmi.